Ilẹ̀ kọnkéré lè gbẹ lójú, kó má gbẹ nínú

Bí omi bá jò wọ ilẹ̀ kọnkéré nínú ilé yín, ẹ má fi àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan mọ̀ bóyá ó ti gbẹ.

Páìpù inú ògiri ilé ìdáná ló ń jò lábẹ́lẹ̀ nílé wa ní Tanke, nílùú Ìlọrin, tí omi fi wọ pálọ̀. Ẹ̀kísténṣàn wà nílẹ̀, nítorí náà mo kọ́kọ́ pa iná ilé, kí n tó ti omi láti ìdí táǹkì. Nígbà tí púlọ́ńbà pààrọ̀ páìpù tán, mo ní kó má tíì rẹ́ ògiri. A ti gbogbo ẹ̀rọ omi, a ṣí ti táǹkì, a sàmì sí ibi tí omi dé nínú rẹ̀, a sì sùn. Ilẹ̀ mọ́, omi ò lọ sílẹ̀ rárá. Ẹ rí i dájú bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná agbára lórí ilẹ̀.

A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò pátá, títí kan ibi tí kò tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fọwọ́ pa ilẹ̀ náà, ó ní, "Ó ti gbẹ, tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ padà jàre." Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ á wò ó ná." Mo gé ọ̀rá tó nípọn, èyí tó mọ́ gaara, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yí ká kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Lẹ́yìn wákàtí 24, abẹ́ ọ̀rá ti làágùn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti dú. Bùrọ̀dá ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Kọnkéré ní ihò tíntìntín. Bí òkè ṣe ń gbẹ ni omi ìsàlẹ̀ ń gòkè wá. Àwọn kọ́lékọ́lé a máa fún kọnkéré tuntun ní nǹkan bí oṣù 1 láti fi gbẹ fún ínǹṣì 1 tó bá nípọn. Tiwa kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ẹ ò lè retí pé kó gbẹ lọ́jọ́ kejì.

Fáànù ilẹ̀ wúlò ju ti òkè àjà lọ: ẹ gbé e sílẹ̀ gan-an, kó máa fẹ́ gba ojú ilẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, nígbàkígbà tí iná bá dé. Fèrèsé ńkọ́? Lásìkò ọyẹ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀. Ṣùgbọ́n òjò ni tiwa bọ́ sí, nítorí náà ìgbà tí oòrùn bá yọ la ń ṣí i. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, a ó tì í, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ìta ìgbà yẹn pọ̀ ju ti inú ilé lọ.

Màmá kan ládùúgbò ní ká gbé èédú tó ń jó sínú yàrá, ká tilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun.

Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lójú ilẹ̀, iyọ̀ tí omi gbé jáde ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, á tún wọlé padà. Ẹni tó fẹ́ bá wa lẹ táìsì ní sìmẹ́ǹtì òun á bo ọ̀rinrin náà mọ́lẹ̀. Mo ní kó lọ ná, a ó pè é.

Ibi ẹsẹ̀ ògiri ilé ìdáná ló gbẹ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lẹ ọ̀rá wò nígbà tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti tán.