Ihò tó wà lára ògiri yàrá Màmá

Sátidé, ọ̀sẹ̀ keje tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Ihò kan wà lára ògiri ilé wa tí àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ gbà kọjá. Tapólì la fi bò ó, a gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ méjì tì í, ọkọ mi sì tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ lòun máa sùn mọ́jú. Màmá, ìyá ọkọ mi, tó ni yàrá náà, ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa tí a gbé sí pálọ̀. Àwọn ìbéjì ká kò sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kọ èyí kí oorun tó gbé mi, nítorí mi ò fẹ́ gbàgbé bí Màmá ṣe sọ ohun tó sọ lónìí.

Nítorí ife omi kan la ṣe ń kọ́lé yìí. Nínú oṣù Òkúdù ọdún tó kọjá, òjò ń rọ̀, Màmá ń lọ sí ṣálángá ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú. Egungun kankan ò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ lálaalẹ́. Lẹ́yìn tó ṣubú, bí mo bá wọlé láàárọ̀, omi náà á ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé mi pé Màmá ń fi òùngbẹ sùn kí ìtọ̀ má baà lé e jáde lóru. Mo sọ fún ọkọ mi. Kò fèsì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

Yàrá kan tó fẹ̀ ni, pẹ̀lú balùwẹ̀ àti tọ́yílẹ̀ẹ̀tì nínú rẹ̀, tí a máa so mọ́ ẹ̀yìn yàrá Màmá. Fèrèsé ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ la máa sọ di ilẹ̀kùn. A fẹ́ kó parí kí Iléyá tó dé, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ọmọ Màmá ló sì máa ń wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde fún un. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti jáde, ìyẹn ti kúrò lọ́rùn wa.

Mo ti rò pé mo mọ ohun tí eruku ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì yàtọ̀. Ó ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti pa dé, ó ń wọ àárín àwọn aṣọ tí mo ti lọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bu gàrí fún àwọn ọmọ, wọ́n ní ó ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, inú ike onídèérí ni gàrí wa ń gbé, mo sì tún ń fi ọ̀rá wé ike náà. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ń dáná, kí àwọn lébìrà tó dé ní aago méje, nítorí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í po yanrìn, kò sí ọbẹ̀ tí mo lè ṣí sílẹ̀ mọ́. Ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè lánàá, aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo ti ń rin ewùrà rẹ̀. Màmá ló bẹ̀ mí pé kí n sè é, mi ò sì lè wí fún un pé kí ó dúró di ìgbà tí ilé bá parí.

Kí wọ́n tó dé náà la máa ń fa omi kànga, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta fún iṣẹ́, bókẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún ilé. Àkọ́bí mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ló ń fa omi pẹ̀lú mi. Àwọn ìbéjì ló ń bomi rin búlọ́ọ̀kù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ni búlọ́ọ̀kù tuntun gbọ́dọ̀ fi máa mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbẹ kíákíá, á sì máa rún bíi bisikíìtì. Bàbá Bíríkìlà ló kọ́ wọn, wọ́n sì mú un bí iṣẹ́ ọba. Kéhìndé ò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tí òun ti bomi rin.

Àmọ́ ìpìlẹ̀ ló fẹ́ já wa kulẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, ibi yòókù dára: wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kan ilẹ̀ pupa líle. Igun tó wà lọ́wọ́ ilé ìdáná nìkan ni ọkọ́ ń wọlẹ̀ wọ̀ǹ bíi pé inú àmàlà ni. Eérú ló ń jáde níbẹ̀, èédú, èkùrọ́, ìkarahun ìgbín, àfọ́kù àwo. Bàbá Bíríkìlà fi igi gún un, ó mi orí. Ó ní, “Ìyá Ìbéjì, ilẹ̀ tí wọ́n dí nìyí. A ò lè gbé ilé lé e lórí. A máa gbẹ́ ẹ títí a ó fi kan ilẹ̀.” Wọ́n gbẹ́ ẹ títí tí lébìrà kan fi wọ inú rẹ̀ tí a ò rí orí rẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ǹtì àti òkúta tó wọ ibẹ̀, owó páànù ni. Báálé ilé kejì wa ní bóyá kànga ni wọ́n dí síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ sàréè, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jẹ́ kí àkọ́bí mi sùn fún ọjọ́ méjì. A bi gbogbo ayé. Màmá wà nínú yàrá rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

Lónìí ni Bàbá Bíríkìlà wá wọn ibi tí ilẹ̀kùn máa gbà. Wọ́n ti yọ férémù fèrèsé, ó wá ní kí òun gé etí rẹ̀ wò, kí òun mọ ibi tí líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó máa ń dábùú orí ilẹ̀kùn, máa jókòó sí. Ó kan òòlù mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan. Ó dún kóló. Ó tún kàn án, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà sì ṣí bọ́ bí awọ, ó tó fífẹ̀ ọpọ́n. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pupa fòò.

Bàbá Bíríkìlà gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní, “Amọ̀ mà ni.”

Ọkọ mi ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí, búlọ́ọ̀kù ni ó ti mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri náà nípọn tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀, ó ga ní ìpele ìpele, ilà tó wà láàárín ìpele kan àti èkejì hàn kedere bí ìgbà tí èèyàn to ìrù ẹ̀fọ́ lé ara wọn. Ní ibi tí òòlù kọ́kọ́ bà, amọ̀ ya lulẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ihò náà ṣe di ńlá nìyẹn.

Bàbá Bíríkìlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ṣàlàyé fún wa ní sùúrù. Mo fẹ́ràn bí kò ṣe pariwo. Ó ní amọ̀ lágbára láti ru ẹrù tó bá tẹ́ lé e lórí ní gígùn, pé ilé yìí á ṣì wà pẹ́ títí bí omi ò bá dé ìdí rẹ̀, àmọ́ líńtẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ fi orí lé e, torí ojú kan ṣoṣo ni ìwọ̀n rẹ̀ á ti máa tẹ̀ ẹ́, á sì tẹ̀ ẹ́ rì. Pílà méjì la máa gbé dìde láti ìpìlẹ̀ tuntun, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí líńtẹ́ẹ̀lì dúró lé wọn. Èkejì, ó ní a ò gbọdọ̀ so ògiri tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ó ní, “Ilé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa jókòó ni. Èyí àtijọ́ ti jókòó tán. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fa èkejì ya.” Àlàfo tó tó ìka kan la máa fi sí àárín wọn, kí òrùlé wá bò ó.

Owó irin pílà tún nìyẹn. Ọkọ mi fara ti ògiri ọgbà, ó gbójú sílẹ̀.

Àkọ́bí mi ni kò dààmú. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí ihò náà, ó ń ka ìpele. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn nípa Ẹrẹdò Sùngbọ́ níléèwé, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju 160 kìlómítà lọ. Ó ní, “Mọ́mì, olùkọ́ wa ní inú yàrà náà ni wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi mọ odi. Ibi tí odi bá wà, kòtò rẹ̀ máa wà nítòsí.” Ó wá gbójú sókè. “Kòtò tilé wa dà?”

“Ẹ ti dí i pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn.”

Màmá ló sọ̀rọ̀. Ó dúró sínú yàrá, ní òdìkejì ihò náà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa mí fún ìgbà díẹ̀. Mo gbé àga fún un, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, ìyàwó tuntun ni. Yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn yìí ni bàbá ọkọ mi kọ́kọ́ mọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó lè bà á jẹ́. Ìdí ilé ìdáná ni wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó, àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, wọ́n á tún mọ òmíràn lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń da eérú àti ìkarahun ìgbín sínú kòtò náà títí ó fi kún, ó wá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé lulẹ̀ nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ nìyẹn. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ń so ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò.

Ó ní ọdún 1979 ni Bàbá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ pálọ̀ àti yàrá méjì tó wà níwájú, pé inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé nígbà náà, tí ọkọ mi wà lẹ́yìn òun. Nígbà tó parí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà kan náà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Àárín yanrìn ni o ti kọ́ ìrìn.”

Mo wá mọ ìdí tí Màmá ò fi ráhùn rí láti ọ̀sẹ̀ méje yìí. Nígbà tí èmi ń sunkún nítorí eruku, òun ló ní kí n máa fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò bi í léèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

Màmá ní, “Mo rí i pé ẹ ti ní ẹni tí ẹ ń bi.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. A bi ẹni tó ya pláànù, a bi bíríkìlà, a bi plọ́ńbà, a bi àwọn aládùúgbò. Yàrá Màmá là ń kọ́, a ò bi Màmá ní ohun kan. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í bóyá nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí a mọ̀.

Méjì ló sọ. Ó ní ibi tí plọ́ńbà fi èèkàn sí fún sọ́kàwé, kòtò tí omi ìdọ̀tí tọ́yílẹ̀ẹ̀tì máa gbà wọlẹ̀, ibẹ̀ ni omi òjò tó ń wá láti òkè máa ń dúró sí, pé bí òjò bá le, omi ibẹ̀ máa ń dé kókósẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, plọ́ńbà máa wá gbé èèkàn rẹ̀ lọ sí òdìkejì. Ibẹ̀ náà ló jìnnà sí kànga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ọgbọ̀n mítà tí wọ́n ní kó wà láàárín wọn. A ti pinnu pé a ò ní mu omi kànga náà mọ́, fífọṣọ àti wíwẹ̀ nìkan la máa fi ṣe.

Èkejì, ó kọ́kọ́ ní kò sí. Ó wá ní, “Ìyàwó mi, fèrèsé yẹn.”

Ọ̀nà kékeré tó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá ni àwọn èèyàn ń gbà lọ sí mọ́sálásí. Láti ìgbà tí Màmá ò ti lè jáde mọ́, ojú fèrèsé yẹn ló ń jókòó sí ní Àláásàrì. Wọ́n á kí i, á kí wọn, á béèrè ọmọ, á béèrè aláìsàn. Fèrèsé yẹn la fẹ́ sọ di ilẹ̀kùn. Nínú pláànù, fèrèsé yàrá tuntun kọjú sí ògiri ọgbà. A rò pé ibẹ̀ ló máa fún un ní ìsinmi.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ tán, a gbé àga Màmá wọ inú yàrá tí kò tíì ní òrùlé. Ó gba orí pákó kọjá, èmi lápá kan, ọkọ mi lápá kejì. Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ni ògiri náà ga báyìí. Ọ̀rọ̀ pláànù ni pé kí fèrèsé bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kẹrin. Màmá jókòó, ó kọjú sí ọ̀nà náà, àkọ́bí mi sì gbé búlọ́ọ̀kù kan sórí ìlà kẹta láti fi wò ó.

“Ó bo ojú mi,” ni Màmá wí. Ọmọ náà gbé búlọ́ọ̀kù kúrò. Ìyàwó ilé kejì ń kọjá lọ lọ́wọ́, ó dúró, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá! Ó mà pẹ́ tí mo rí yín o.”

Ọkọ mi ti fi èédú fa ìlà méjì sórí ìlà kẹta, ó ti pe Bàbá Bíríkìlà pé kó má fi búlọ́ọ̀kù kankan sí àárín wọn. Ààrá ń sán lọ́nà ọ̀hún báyìí. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń fa tapólì, mo fẹ́ lọ bá a di etí kejì mú.