Òpó tó wó lé ilé ìdáná Màmá

Mi ò sí nílé nígbà tí òpó irin tó gbé áńtẹ́nà rédíò ham mi dúró wó, rédíò tí àwa tó gbàṣẹ fi ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìṣe òwò. Ọjà Ọba ni mo wà, mo sá sábẹ́ ìsọ̀ kan nítorí òjò àkọ́rọ̀ tí ìjì gbé wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ni fóònù mi bá dún. Ọmọkùnrin ará ilé kejì ló pè. "Bọ̀dá, irin yín ti wà lórí ilé ìdáná Màmá o." Ó parí síbẹ̀, ó pa fóònù. Bí mo ṣe dé Ìjọ̀kà lọ́jọ́ náà, mi ò lè ṣàlàyé. Ọpẹ́ ni pé Màmá ti gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé kí ìjì tó le. Páànù mẹ́ta ló ti tẹ̀ wọnú, áńtẹ́nà VHF (ti rédíò tí a fi ń bá ará tòsí sọ̀rọ̀) tí mo fi oṣù mẹ́ta dá owó rẹ̀ jọ sì ká kò bí ẹsẹ̀ òkú aláǹtakùn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Màmá wò mí títí, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Irin yẹn ni kò gbọdọ̀ dìde mọ́."

Ó dìde ṣá, lẹ́yìn ọdún kan àti ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àbúrò mi sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ìpè 5N yín, orúkọ tí a fi ń dá oníham Nàìjíríà mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, tí ẹ ti ń béèrè iye páìpù lọ́wọ́ wẹ́dà. Mo mọ̀ yín. Òkè lẹ ń wò. Èmi náà, òkè ni mò ń wò nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni òpó mi ti kọ́kọ́ wó.

Lọ́jọ́ kejì, ògá tó kọ́ mi níṣẹ́ wá láti Ìdànrè. Kò tiẹ̀ wo páìpù tó tẹ̀. Ìdí èèkàn tí mo so wáyà ìfà mọ́, wáyà tó ń fa òpó kí ó má wó, ló lọ tààrà, ó lóṣòó, ó mú ẹnu wáyà tó já, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló di kílíìpù yìí?"

"Èmi ni, sà."

"O dì í sódì."

Kílíìpù wáyà ní apá méjì: irin tó tẹ̀ bí lẹ́tà U, àti ìjókòó rẹ̀ tó ní ehín. Tí ẹ bá ki wáyà bọ ojú irin èèkàn, tí ẹ sì ṣẹ́ ẹ padà, wáyà méjì ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí gígùn ń lọ sókè, òun ló di òpó mú. Èyí kúkúrú, ìrù lásán ni. Ìjókòó ló yẹ kó gbé wáyà gígùn, kí U máa tẹ ìrù. Èmi fi U lé wáyà gígùn, mo sì fi gbogbo agbára dì í, torí mo rò pé dídì pinpin ni iṣẹ́. Odidi ọdún kan ni U yẹn fi ń jẹ wáyà náà. Ògá tú u palẹ̀ níwájú mi. Fọ́nrán méje ló para pọ̀ di wáyà kan. Mẹ́rin ti pupa fún ìpẹtà níbi tí wọ́n ti já. Ojú mẹ́ta tó kù ń dán yanranyanran. Ó ní, "Mẹ́rin yìí ti já tipẹ́. Mẹ́ta yìí ló já lánàá." Kí ó tó sọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀bi ni mo ti dì ru ìjì.

Kílíìpù mẹ́ta ni kí ẹ lò fún ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, kí àlàfo àárín wọn sì tó ìlọ́po mẹ́fà ìbú wáyà náà. Nígbà tí òpó bá ti dúró tí wáyà sì ti fà, ẹ padà wá tún wọn dì, torí wáyà máa ń tín-ín-rín sí i tí ìfà bá gorí rẹ̀, kílíìpù tó le lánàá á sì ti dẹ̀. Ẹ tún fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la inú turnbuckle, irin tí a ń yí kí wáyà ìfà lè le, kọjá, kí ẹ so ó kí ó má lè yí. Mo ti rí èyí tó tú ara rẹ̀ tán láàárín ọyẹ́ kan ṣoṣo, láìsí ìjì kankan. Gbígbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ti tó o.

Ọ̀rọ̀ ibi tí èèkàn máa wà ló máa ń bí mi nínú jù, torí ibẹ̀ ni a ti ń ṣe "ká ṣáà ti ṣe é". Òpó 12 mítà fẹ́ èèkàn ní nǹkan bí 8 sí 9 mítà sí ìdí rẹ̀, ní ìhà mẹ́ta tó jìnnà síra dọ́gba. Mélòó nínú àgbàlá wa ní Àkúrẹ́ ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀? Lẹni kan á bá so ọ̀kan mọ́ igi máńgòrò, á so èkejì mọ́ fẹ́ǹsì. Igi ń jó tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, òpó á sì máa bá a jó. Fẹ́ǹsì ní tirẹ̀, a kọ́ ọ kí ó dúró ni, a ò kọ́ ọ kí nǹkan máa fà á. Tí àyè ò bá sí, ẹ gé òpó kúrú. Mo mọ̀ pé ó dùn yín.

Kò sì yẹ kó dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Lórí VHF, tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí áńtẹ́nà máa ríran dé, ẹ wá square root gíga rẹ̀ ní mítà, ẹ fi 4.12 sọ ọ́ di púpọ̀, kìlómítà ló máa jáde. Òpó 9 mítà á ríran dé nǹkan bí 12 kìlómítà. Kí ó tó ríran ìlọ́po méjì ìyẹn, àfi kí ó ga tó 36 mítà. Owó ta ni? Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé òpó kékeré yẹn lọ sí ibi tó ga. Kò sí ohun tó pọ̀ lágbègbè wa tó òkè. Kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́kù ra wáyà coax gidi, èyí tó ń gbé agbára láti rédíò lọ sí áńtẹ́nà. Nígbà kan, 30 mítà RG-58, coax tẹ́ẹ́rẹ́, ni mo lò lórí 144 MHz. 50 wáàtì ń jáde lẹ́nu rédíò, nǹkan bíi 12 ló ń dé áńtẹ́nà, ìyókù ń parẹ́ sínú wáyà. Ká ní RG-213 tó nípọn ni, ó máa ju 25 lọ. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé HF, ti ọ̀nà jíjìn, ló wù ú kò nílò ju òpó kan àti wáyà lọ: fún 7.1 MHz, nǹkan bí 20 mítà wáyà, ẹ gé e sí méjì, ẹ gbé àárín rẹ̀ sórí òpó, kí apá méjèèjì da gẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gé e gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣíṣẹ́ padà rọrùn ju síso kún un lọ.

Àpáta ni ìyọnu wa ní ìhín. Nígbà tí mo ń bá ògá ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè, ó ní kí n ri ọ̀pá áàsì wọlẹ̀, ọ̀pá irin tí a fi bàbà bò, 2.4 mítà, tó ń gbé iná àrá wọlẹ̀. Kò tíì wọlẹ̀ tó mítà kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí agogo lábẹ́ òòlù. Mo mú ayùn, mo fẹ́ gé èyí tó yọ síta kí ó lè dà bí ẹni pé ó ti wọlẹ̀ tán. Ògá gba ayùn lọ́wọ́ mi, kò sọ nǹkan kan. A fà á yọ, a tún un rì ní ìdagẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìyẹn náà ti kọ̀, a gbẹ́ yàrà tó jìn tó 75 sẹ̀ǹtímítà, a tẹ́ ọ̀pá náà gbalaja sínú rẹ̀, a da ilẹ̀ bò ó. Ọ̀pá kan kì í tó. A ń rì wọ́n jìnnà síra ní ìlọ́po méjì gígùn wọn, a ń fi bàbà tó nípọn so gbogbo wọn pọ̀, a sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ áàsì ilé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í ṣe. Tí áàsì òpó bá dá wà, tí ti ilé náà dá wà, tí àrá bá wá sán lu òpó, inú rédíò yín ló máa gbà kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì. Kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà áàsì lọ ní tààrà, tó bá máa yà, kí ó rọra yà. Àrá kì í yà ní kọ́nà, fífò ló máa fò. Àwọn kan á ní Ṣàngó ló bínú sí oníham. Èmi ò bá Ṣàngó jà, mo ń tún ọ̀nà ṣe dè é ni. Tí ojú ọ̀run bá sì ti ń ṣú, coax mi ti kúrò lẹ́yìn rédíò, ó ti wà níta fèrèsé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àrá ń sán kó tó lọ tú u, kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbà tí mítà SWR, ẹ̀rọ tó ń wo agbára tó ń ti áńtẹ́nà padà bọ̀, tàn mí jẹ. Bí SWR bá ṣe súnmọ́ 1 tó ló ṣe dára tó. Lẹ́yìn tí òpó kejì dúró, SWR mi wà ní 1.6. Òjò rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, SWR ń dára sí i: ó di 1.3, ó di 1.1. Inú mi ń dùn, mo ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé áńtẹ́nà mi ti mọ ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún ní òun ò gbọ́ mi dáadáa mọ́. Nígbà tí mo gòkè, tí mo tú PL-259, irin tó wà lẹ́nu coax, omi ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Bàbà inú wáyà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wáyà tó ti mu omi á jẹ agbára ní lílọ, á tún jẹ èyí tó ń padà bọ̀. Èyí tó ń padà bọ̀ yẹn gan-an sì ni mítà ń wò. Mítà ò rí nǹkan kan padà, ó ní kò séwu. Láti ìgbà náà, tí SWR bá dédé dára láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan, ojú burúkú ni mo fi ń wò ó.

Rọ́bà tíúbù tí fọkanáísà ń gé sọnù wúlò fún wíwé ẹnu wáyà, ẹ fà á kí ó le dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn máa là á, ẹ fi táápù dúdú bò ó. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí ẹ wé táápù yẹn, kí ó gun ara rẹ̀ bí páànù ṣe ń gun ara wọn, kí omi lè yọ̀ dànù. Níbi tí coax bá ti fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kọjá ihò náà kí ó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi máa kán síta.

Nípa gígùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti rí akọ̀pẹ rí. Kò sí akọ̀pẹ tó ń gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Tiwa gba okùn méjì lára bẹ́líìtì, ìkọ́ kan kì í tú kí èkejì tó mú irin. Mo ti wà ní nǹkan bíi 7 mítà nígbà kan tí agbọ́n yọ sí mi láti ẹnu páìpù tí mi ò dí. Ọwọ́ mi méjèèjì fi òpó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkọ́ nìkan ni kò fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi òòlù lu ìdí òpó gbàgbàgbà, màá dúró, màá wòkè, kí n tó gùn ún. Ní ti wáyà NẸ́PÀ, tí òpó bá lè kàn án nígbà tó bá wó, ẹ má gbé e dúró síbẹ̀ rárá. Ẹ sì má gba ẹni tó bá sọ pé wọ́n ti mú iná lọ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìgbàkigbà ni wọ́n ń mú un dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò, nínú oṣù Bélú nígbà tí òjò bá ti lọ, àti nínú Èrèlè kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí.

Nígbà tí a fẹ́ gbé òpó kejì dúró, Màmá ní kí n wá fi gbogbo irin inú ẹ̀ han òun lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi kọnkéré èèkàn sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kí a tó fa wáyà mọ́ ọn. Òun ló ń bá mi ka ọjọ́. Mo fi bí kílíìpù ṣe ń jókòó hàn án, mo sì fi èyí tó wó ti àkọ́kọ́ hàn án pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pé wáyà ìhà ọ̀dọ̀ òun ti dẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú Èrèlè." Ó ní kí n ṣáà wá wò ó. Mo lọ wò ó. Ó ti dẹ̀ lóòótọ́.