Àyẹ̀wò ọdún mi: pépà 4, ìtọ́ka 212, àti ẹyọ kan tó kù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti ń lọ sópin, ẹ jẹ́ n ka tèmi kí n tó pa kọ̀ǹpútà dé.

Pépà ìwádìí 4 ló jáde lórúkọ mi ní 2025. Orúkọ mi ló ṣáájú nínú ẹyọ kan, àwọn 3 yòókù, àárín ni wọ́n tì mí sí. Jọ́nà méjì (àwọn tó ń tẹ pépà ìwádìí jáde) lé mi padà, ọ̀kan tiẹ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 2, ìyẹn ni pé wọn ò kà á, ẹ má tàn mí. Google Scholar, tó ń ka iye ìgbà tí pépà mìíràn tọ́ka sí tèmi, ní ìtọ́ka 212 ni mo rí lọ́dún yìí. Ó dùn létí àbí? Ẹ dúró ná.

Nínú 212 yẹn, ó lé ní 130 tó jẹ́ ti àkójọ kan tí mo fi kó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì jọ nípa PCOS, ìṣòro họ́móònù àwọn obìnrin, ní 2019, ọ̀sẹ̀ 3 péré ni mo fi kọ ọ́, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo wá ṣí 20 nínú àwọn tó tọ́ka sí i, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni 17 ń mú, pé ká tó lè sọ pé obìnrin ní PCOS, méjì gbọ́dọ̀ pé nínú mẹ́ta: nǹkan oṣù tí ò lọ déédéé, họ́móònù ọkùnrin tó pọ̀ jù, ilé ẹyin tó kún fún àpò kéékèèké lójú sikáànù. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o! Ìlú Rotterdam ni àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò sí i ní 2003. Ìlànà tuntun sì ti jáde ní 2023, ó ní fún àwọn tó ti dàgbà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AMH, họ́móònù tí ilé ẹyin ń ṣe, lè rọ́pò sikáànù (àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ò sí nínú ẹ̀), àkójọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, ó ti gbó, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dì mọ́ ọn.

Pépà tí mo torí ẹ̀ pàdánù oorun ni ti macroprolactin. Àwọn kan wà tí prolactin wọn, họ́móònù tó ń mú wàrà wá, máa ga lójú ẹ̀rọ lábù, nǹkan oṣù wọn ń lọ geere, ọmú wọn ò sun wàrà, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Antibody, èròjà tí ara fi ń bá àìsàn jà, ló so mọ́ prolactin yẹn, ìyẹn la ń pè ní macroprolactin, ó ti tóbi jù, ara ò tètè rí i lé jáde, kò sì rí iṣẹ́ gidi ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ ń kà á mọ́ ọn. Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti ní kí onítọ̀hún lọ ya àwòrán orí (MRI), wọ́n ń wá kókó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ PEG, kẹ́míkà lábù kan, ló tó láti fi í hàn, ẹ dà á mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ní ìdajì sí ìdajì, ẹ fi ẹ̀rọ yí i, èyí tó tóbi á sùn sísàlẹ̀, ẹ wá wọn ohun tó kù lókè. Ọdún 4 la fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìtọ́ka ẹ̀ látọjọ́ tó ti jáde: 14. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé àwa la ní kò sídìí láti lo PEG! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo dìde, mo lọ mu omi.

Ìdí tí mo fi ń pariwo 14 ni h-index, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ olùṣèwádìí. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló gbé e jáde ní 2005: tẹ́ ẹ bá ní pépà 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́ka 15 ó kéré tán, 15 ni tiyín. Mo ní pépà 14 tó ti kọjá ibẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni macroprolactin. Ẹyọ ìtọ́ka kan ló kù! Lóṣù kẹsàn-án mo ti táìpù ẹ̀ sínú pépà mi mìíràn kí n lè tọ́ka sí ara mi, ọ̀rọ̀ àtọ̀ ọkùnrin ni pépà yẹn dá lé o, mo pa á rẹ́, ojú tì mí nínú yàrá témi nìkan wà. Lóṣù kọkànlá ó di 15 fúnra ẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire, ṣé owó ni?" Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, 14. Pépà kan náà ló tọ́ka sí wa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta àti èyí tí jọ́nà tẹ̀, Scholar kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dà wọ́n pọ̀.

Áà, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Lóṣù yìí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábù kọ̀wé sí mi, ó ní òun ń ṣe PEG wa, àmọ́ prolactin gbogbo èèyàn ló ń já sí ìdajì, ṣé gbogbo wọn ló ní macroprolactin ni? Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì? PEG tẹ́ ẹ dà sí i ló là á. Ó ní ibo lẹ kọ ìyẹn sí? Mo lọ wò ó: fáìlì àfikún, ojú ewé 6, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí láé. Ẹ̀bi wa ni. Lọ́jọ́ kejì ó ní nínú ẹni 9, àwọn 2 ló kù tí ti wọn ò tó 40% iye àkọ́kọ́, macroprolactin gan-an ni tiwọn, wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ cabergoline, oògùn tó ń dín prolactin kù, fún ọ̀kan, òun ti pe dókítà ẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa kọ ọ́ jáde. Ó ní pépà kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ èèyàn 60 ló wà lórí tábìlì òun báyìí.