Ẹ má sọ fún ọmọ yín pé wọ́n "rìnrìn àjò"

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú ṣì ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ ní New York níbí mọ̀ pé tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ìbéèrè nípa 11 September 2001, ọjọ́ tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gíga méjì ní Manhattan níbí, ni àwọn ọmọ máa ń gbé bọ̀ láti iléèwé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí pé kí ló ṣe àwọn panápaná tó wọ inú ilé àwòṣífìlà tó ń jó. Mo ní, "Wọ́n rìnrìn àjò."

Ẹ má tíì bú mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí ìyá bàbá mi papòdà, Ìbàdàn ni wọ́n ní ó lọ. Mo retí òun àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Ní Sátidé, mo mú ọmọ lọ síbi ìrántí wọn ní Manhattan, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìlú ṣe ń bọlá fún wọn. Adágún omi méjì ló wà níbi tí ilé méjèèjì ti wó. Wọ́n gbẹ́ orúkọ èèyàn 2,983 sára idẹ yí wọn ká, panápaná ìlú New York sì jẹ́ 343 nínú wọn. Tó bá di ọjọ́ ìbí ẹnì kan, wọ́n á fi òdòdó róòsì funfun kan sínú orúkọ rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan dúró síbẹ̀, ó ń fi ìka tọ orúkọ kan, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Kí n tó mọ̀, ọmọ mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Ìgbà wo ló máa dé?"

Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ìyá náà wo ọmọ, ó wo èmi náà. "Ẹ forí jì wá" lásán ò jáde lẹ́nu mi. Ìyá náà rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Kò ní padà mọ́ o. Ó ti kú. Èmi ni mo bí i."

Ọmọ mi ò sunkún. Ó kàn yíjú sí mi: "Mọ́mì, ẹ ní wọ́n rìnrìn àjò." Títí a fi wọ ọkọ̀ ojú irin délé, kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú.

Ẹ pe ikú ní ikú. "Ó kú níbi tó ti ń gba ẹlòmíì là": ọmọ ọdún mẹ́fà á lóye ìyẹn. Ẹ sọ fún wọn nílé, kẹ́ ẹ tó jáde, pé àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ máa wà níbẹ̀. (Ká ní mo ti pe ikú ní ikú ni, ọmọ mi ò ní bi ìyá yẹn ní ìbéèrè yẹn.) Kẹ́ ẹ sì wá nǹkan tí ọwọ́ ọmọ lè ṣe. Èmi kọ́ ọ ní agogo àwọn panápaná: tí ọ̀kan nínú wọn bá kú sẹ́nu iṣẹ́, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń lù ú, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ń dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ti ń bá mi ṣeré padà. Lánàá mo sọ ti Ìbàdàn fún un. Ó ní, "Ṣé ó dé?" Mo ní rárá, ó kú ni. Ó mú ṣíbí, ó lu ìkòkò mi, márùn-ún márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹrin.