Bí Ẹ Bá Fẹ́ Labalábá ní Bákónì Yín, Oúnjẹ Ọmọ Rẹ̀ ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbìn

Àwọn tí wọ́n bá rí ewéko tí mo gbìn sí bákónì ilé wa ní Òkè-Fìà, ní Ọ̀ṣogbo, sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: òdòdó wo ni labalábá fẹ́ràn jù? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Omi dídùn inú òdòdó ni labalábá tí ó ti dàgbà ń fà mu, bí ó bá sì ti mu ún tán, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń mú kí ó máa gbé àdúgbò kan, kí ìran rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀, ni ewé tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Labalábá kì í ṣáà yé ẹyin sórí ewé tí ó bá rí. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewé tirẹ̀, èyí tí ìyá ń wá kiri: yóò bà lé ewé kan, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú tọ́ ọ wò, bí kì í bá ṣe òun, yóò tún gbéra lọ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ná owó gidi lórí òdòdó olówó iyebíye, tí wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé àlejò wọn kì í pẹ́ kí ó tó lọ. Oúnjẹ ọmọ ni kò sí nílé.

Igi tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí àyè rẹ̀ kéré ni ọsàn wẹ́wẹ́. Labalábá ńlá kan wà tí ó dúdú, tí àmì yẹ́lò sì wà káàkiri ìyẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Papilio demodocus. Orí ewé ọsàn àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń yé sí, ẹyin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní pàtàkì sórí ewé tuntun tí kò tíì le. Ọsàn wẹ́wẹ́ inú rọ́bà ọ̀dà tí kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ ti tó fún un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́ ni ó jọ: ó dúdú, ó funfun díẹ̀ láàárín, ó sì ń dán bí ohun tí ó ṣì tutù, débi pé ẹyẹ tí ì bá ṣà á jẹ yóò wò ó kọjá. Bí ó bá dàgbà, yóò bọ́ awọ yẹn sílẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì di àwọ̀ ewé. Ní àkókò yìí, ẹ mú ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan, kí ẹ fi kàn án lẹ́yìn ọrùn jẹ́jẹ́. Ìwo méjì tí ó rọ̀, tí ó pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, yóò ta yọ láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, òórùn kíkan yóò gba ibẹ̀ kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò sì fa ìwo náà padà sínú bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn èèrà kò fẹ́ràn òórùn náà rárá. Nígbà tí ó bá jẹun yó tán, yóò wá ẹ̀ka kan tí ó wù ú, yóò pa òwú mọ́ ara rẹ̀ ní ìdí, yóò tún ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ara rẹ̀ po mọ́ igi, bí agbẹgbà ṣe ń fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi di labalábá. Láti ẹyin títí dé ìgbà tí yóò fò, ó máa ń gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń padà lẹ́yìn mi. Ewé tí ọmọ labalábá jẹ kì í dára wò. Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́, wọ́n ní kòkòrò jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ewé bákónì òun máa dán gbinrin láìní ihò kankan, kí ó ra òdòdó oníke ní ọjà Ìgbọ̀nà, yóò sì rí ìsinmi. Ọmọ labalábá díẹ̀ péré lè jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré kan títí yóò fi ku ẹ̀ka lásán. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n gbin tó méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè máa gbé àwọn ọmọ náà láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Èyí tí wọ́n jẹ yóò tún rúwé, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí omi wọ́n ọn.

Ní ti oògùn kòkòrò, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: kò gbọdọ̀ dé bákónì náà. Oògùn tí ń pa aáyán kò mọ labalábá yàtọ̀. Yàtọ̀ sí ti labalábá, àwa fúnra wa ń mí afẹ́fẹ́ kan náà; kì í ṣe lásán ni àjọ NAFDAC fi fòfin de títà ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos ní 2019. Bí ẹ bá lọ ra igi lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹ bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n fín sí i, nítorí oògùn mìíràn wà tí ó ń wọ inú oje igi, tí kì í sì í tètè tán níbẹ̀. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ gbé igi náà sí apá kan fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rú ewé tuntun kí ẹ tó gbé e síta fún labalábá. Ní ti àwọn kòkòrò wínníwínní tí ń pọ̀ sí abẹ́ ewé, omi àti ìka ọwọ́ ti tó láti fọ̀ wọ́n kúrò.

Lẹ́yìn ọsàn wẹ́wẹ́, àwọn ewéko tí mo fọkàn tán jù ni àwọn tí aládùúgbò ń fi ọkọ́ ro dànù. Orí rere tí ń hù ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, àti orí àsùnwọ̀n tí a fi ń wo làpálàpá, ni àwọn labalábá funfun tí ń ṣí lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ń yé sí. Àsùnwọ̀n máa ń ga ju ènìyàn lọ bí ẹ bá fi í sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa gé orí rẹ̀. Bomubomu ni ti ẹ̀kẹta, ewé tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Oje funfun rẹ̀ ní oró, kò sì gbọdọ̀ kan ojú rárá. Ilé tí ọmọ kékeré wà, mi ò ní kí wọ́n gbìn ín. Ṣùgbọ́n oró yìí ni ọ̀kan nínú àwọn labalábá wa fi ń ṣe ọlá. Ọmọ rẹ̀, tí ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò yí lára po, ń jẹ ewé náà ní gbangba, kò fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń kó oró inú rẹ̀ pamọ́ sára. Nígbà tí ó bá di labalábá, tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn pípọ́n, tí etí rẹ̀ sì dúdú pẹ̀lú àmì funfun, ẹyẹ tí ó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò tún ní fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Pápàsan, tí ó ń tàn kálẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ni ó mú ìtàn náà dùn. Abo labalábá kan tí ń yé sórí rẹ̀ gbé àwọ̀ labalábá olóró yẹn gan-an wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ bomubomu rí láyé rẹ̀, akọ rẹ̀ sì dúdú pẹ̀lú àmì funfun rìbìtì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn bí aró, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìran méjì ni wọ́n. A máa ń sọ pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí tí ó fi ara rẹ̀ wé labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ rí èrè jẹ níbẹ̀, nítorí àwọn ẹyẹ ń sá fún òun náà. Pápàsan kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, abọ́ oníke tí a lu ihò sí nídìí sì ti tó o.

Kò sí ìkankan nínú èyí tí yóò ṣeé ṣe bí onílé bá kọ̀. Àlàájà tí ó ni ilé tí à ń gbé wo àwọn rọ́bà mi títí, ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ejò lẹ fẹ́ kó bá wa sínú ilé yìí ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó tì o, Àlàájà mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àṣejù, nítorí ibi tí ràwé bá ti ṣù jọ, tí eku sì ń gbé, ejò lè wá síbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí a gbé àwọn rọ́bà jìnnà síra, kí a máa gbá ìdí wọn, kí a má sì kó pákó àti àpò jọ sí ẹ̀yìn wọn. Wọ́n tún bèèrè nípa ẹ̀fọn. Ọmọ ẹ̀fọn nílò bí ọ̀sẹ̀ kan nínú omi kí ó tó fò, nítorí náà mo máa ń da omi àwo ìdí rọ́bà nù kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí mo fi sílẹ̀ fún labalábá láti mu kì í ṣe omi lásán. Iyanrìn àti ilẹ̀ ni mo rẹ sínú àwo pẹlẹbẹ kan títí ó fi di ẹrẹ̀. Àwọn labalábá, pàápàá jù lọ akọ, fẹ́ràn láti máa fa iyọ̀ inú ẹrẹ̀ mu, ọmọ ẹ̀fọn kò sì lè dàgbà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwúwo náà kò yẹ ní fífojú fò: garawa lítà 20 tí ilẹ̀ tútù kún lè wúwo tó kílò 30, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ tò wọ́n sí, kì í ṣe etí bákónì. Kí n má purọ́, kì í ṣe àlàyé mi ni ó yí Àlàájà lọ́kàn padà. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo já fún wọn nígbà tí ọ̀fìnkìn mú wọn ni.

Àwa tí a wà ní Ọ̀ṣogbo Òròkí ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, wà létí ilé wa, a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kì í sì í pẹja nínú odò rẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ Austria tí ó kú ní 2009, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti rí i pé wọn kò pín ilẹ̀ igbó náà tà, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ lè rí irú labalábá kan tí kì í wo ojú òdòdó rárá: àwọn labalábá inú igbó, tí ara wọn ki, tí wọ́n sì ń fò kíákíá. Omi èso tí ó ti ń kan ni wọ́n ń mu. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti rọ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sórí àwo, kí ẹ ta ẹmu díẹ̀ sí i bí ẹ bá ní. Kí èèrà má bàa bò ó, ẹ gbé àwo náà lé orí ife tí ó dúró nínú omi, kí ẹ sì gbé e wọlé nírọ̀lẹ́ nítorí eku. Eṣinṣin yóò wá pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kí ó fi èyí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Òdòdó wá ńkọ́? Ìkísórà, síníyà àti pẹ́ńtáàsì dára, nítorí ìdì òdòdó wọn tẹ́jú, labalábá rí ibi bà lé. Àwọn òdòdó tí wọ́n ti fi ọgbọ́n sọ di onípele púpọ̀ lẹ́wà lójú wa, àmọ́ omi inú wọn kì í sábà tó nǹkan. Làǹtánà ń pe labalábá gidigidi, ṣùgbọ́n ó ń gba oko mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń ṣe ewúrẹ́ ní jàǹbá, mi ò fẹ́ ẹ. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé Akíntọ́lá ní ilẹ̀ òfìfo kan nínú oṣù Ọ̀pẹ tàbí oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá bo ilẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ọ̀sán. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ àwọn labalábá tí ó wà ní àdúgbò yín, nítorí èyí tí kò sí ní àdúgbò kò lè wá sí bákónì. Wọ́n fẹ́ oòrùn kí ìyẹ́ wọn tó gbóná, wọn kò sì fẹ́ atẹ́gùn líle, nítorí náà ẹ lo ìhà tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, kí ẹ sì fi àsùnwọ̀n gígùn dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ní alẹ́, ẹ pa gílóòbù ìta, nítorí àfòpiná náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára òdòdó, àti nítorí pé iná ni ó ń kó ọmọnílé jọ sí ògiri. Àìsí iná ti ń bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí ní àdúgbò tiwa.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa bomi rin àwọn tó wà nínú rọ́bà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ tẹ́ ràwé díẹ̀ sórí ilẹ̀ rọ́bà kí omi má bàa tètè gbẹ, kí ẹ má sì gé ẹ̀ka kankan láìwo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí ọmọ labalábá tí ó so mọ́ ọn jọ ewé gbígbẹ. Pápàsan lè gbẹ pátápátá ní àkókò yìí. Ẹ má fà á tu. Èso rẹ̀ ti bọ́ sínú ilẹ̀, yóò hù fúnra rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.