Kànga Olókùúta Ẹ̀yìnkùlé Bàbá

Òòrùn ọ̀sán gangan ni mo fẹ́, torí ìgbà yẹn ni dígí tí mo fi ń darí òòrùn sínú kànga àtijọ́ máa ń wúlò. Agbo ilé kan ni, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lápá ìsàlẹ̀ àpáta Olósùnta. Ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni, èèyàn kì í déédéé ya wọ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá onílé, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n wò mí tìtì. "Kànga tí kò lómi yìí náà lo wá wò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Wọ́n ní bàbá bàbá àwọn ló gbẹ́ ẹ nígbà ogun Kírìjì. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 nìyẹn o! Lọ́dọ̀ wa níbí, ohunkóhun tó bá ti pẹ́, ìgbà Kírìjì la máa ń gbé e lọ. N kò jiyàn. Símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹnu kànga náà, ẹnì kan sì ti fi ìka kọ 1964 sí i nígbà tó ṣì tutù, ó kọ 9 rẹ̀ sódì. Ewékorò ti ń ṣe símẹ́ńtì láti 1960, ọdún náà bá a mu. Àmọ́ ọdún símẹ́ńtì nìyẹn, kì í ṣe ti kànga.

Ibi tí símẹ́ńtì ti bó lọ̀rọ̀ wà. Okùn ti jẹ ojú òkúta abẹ́ rẹ̀, ìka mi wọ ibẹ̀ dé oríkèé, símẹ́ńtì sì ti ṣàn wọ inú ojú okùn náà, ó gan síbẹ̀. Wọ́n ti ń fami níbẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó po símẹ́ńtì. Iye ọdún ni n kò lè fi èyí mọ̀, torí okùn tó bá kó yanrìn máa ń tètè jẹ òkúta.

Mo fi dígí darí òòrùn sísàlẹ̀. Òkúta tí wọ́n tò láìfi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ ló wà lókè. Nísàlẹ̀, àpáta gan-an ni. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta lomi máa ń dúró sí níbi báyìí, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ọmọ Bàbá ní òun á sọ̀ kalẹ̀. Ó tì o! A so àtùpà mọ́ okùn, a rọra sọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tó fi kú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò dára nìyẹn. Kódà ká ní kò kú, mi ò ní gbà fún un.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ẹnu kànga, 1964; ara rẹ̀, ó ṣáájú. Bàbá ní kí n fi Kírìjì kún un. Mo fi kún un, mo kọ "Bàbá ló sọ ọ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ ṣì wà ní Adó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá lọ bi wọ́n bóyá wọ́n bá símẹ́ńtì níbẹ̀.