Òjìji Tó Dojú Kọ Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ní 21 oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán kì í dúró sí àtàrí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti rékọjá sápá Ìjẹ̀bú-Igbó, débi pé bí o bá dúró síta gbangba, òjìji rẹ á ṣubú sápá gúúsù, á dojú kọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n bí sí ìlú yìí ni kò kíyè sí i rí. Láti ìgbà tí èmi ti kíyè sí i ni mo ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ọdún tèmi.

Oníṣẹ̀ṣe ni mí. Ìyá mi ń kírun, ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi ń lọ, a sì jọ ń gbé láìjà bí ọ̀pọ̀ ilé Ìjẹ̀bú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣẹ̀ṣe ni pé ó máa ń pe èèyàn jáde: sídìí igi, sétí odò, sórí ilẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n obìnrin ni mí. Bí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń bọ̀ lóṣù keje, inú ilé là ń wà, a ó ti fèrèsé pa. Ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí, obìnrin ni wọ́n sọ pé ó sùn síbẹ̀, síbẹ̀ obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ wọ̀nyí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé wọn lórí. Àmọ́ ọkàn mi ń wá ibi tí mo lè dúró sí tí ojú mi á là sílẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ò ní ìgbàlẹ̀.

Àbúrò mi kan tó wà nílùú Ọba ló kọ́kọ́ bi mí pé kí là ń ṣe lọ́jọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, èrò á wọ́ lọ sí Stonehenge, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbé òkúta ńláńlá nàró, wọ́n á dúró mọ́jú kí wọ́n lè rí oòrùn bó ṣe ń yọ. Ọjọ́ yẹn ló gùn jù fún wọn lọ́dún: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ní London lé ní wákàtí 16. Tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tìtorí gígùn ọjọ́ ṣọdún ní Ìjẹ̀bú kò ní rí nǹkan kan dì mú. Òjìji ni ká wò.

Ayé ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, òkè aṣálẹ̀ Sàhárà ni oòrùn ọ̀sán wà ṣánṣán, ní ìwọ̀n dígírì 23.4 sápá àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nígbà tí Ìjẹ̀bú-Òde wà ní nǹkan bíi 6.8. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ló gba orí wa kọjá lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni yóò tún gba orí wa padà. Fún àwọn ará Stonehenge, láti ọjọ́ náà ni oòrùn ti ń fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún wa, ọjọ́ náà ló ṣẹ́rí padà, tó ń bọ̀ wá bá wa. Ìyẹn ni mo ń yọ̀ sí.

Oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi ni mo ti ń ṣe é. Mo máa ń gbé omi tútù nínú igbá, oyin, efun, obì abàtà olójú mẹ́rin, àti àgbàdo tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó lásìkò náà. Mo máa ń ri ọ̀pá mítà kan mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán, màá bọ́ bàtà, màá wá dúró. Aago Nàìjíríà ò bá oòrùn Ìjẹ̀bú mu: ìlà ìnàró ayé (longitude) 15 sápá ìlà-oòrùn ni wọ́n fi ń kà á, àwa sì wà ní nǹkan bíi ìlà 4. Nítorí náà, ó di nǹkan bíi aago 12:46 kí oòrùn tó dé góńgó lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Òjò ló ni oṣù kẹfà. Ìgbà mìíràn ìkùukùu á bò ó pátápátá, màá ṣì dúró. Bó bá là, òjìji ọ̀pá á hàn, kò ní gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Màá fi efun sàmì sí orí rẹ̀, màá ta omi àti oyin síbẹ̀, màá wí pé:

“Oòrùn tó lọ, máa bọ̀. Ilẹ̀ tí mo tẹ̀, mo júbà. Orí mi, má jẹ̀ẹ́ kí n ṣìnà.”

Lẹ́yìn náà ni màá da obì. Bí méjì bá ṣí tí méjì dojú bolẹ̀, obì yàn nìyẹn, mo lè jẹ àgbàdo mi.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Ìyá mi bi mí pé, “Ṣé oòrùn lo wá ń bọ báyìí?”

Mo ní, “Rárá, Màámi. Ilẹ̀ àti Orí mi ni mo ń bọ. Oòrùn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.”

Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ nípa ìrìn yẹn tipẹ́: lásìkò ọyẹ́, oòrùn ọ̀sán máa ń wọ fèrèsé ilé ìdáná òun tó kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lòun sì ń sá ata sí, bí òjò bá dé, oòrùn á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, òun náà á sì gbé ẹní ata tẹ̀ lé e.

Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn. Ó ti ní òun á bá mi lọ sóko ní 21 oṣù kejìlá, nígbà tí òjìji ọ̀pá yẹn á kọjú sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí gígùn rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti oṣù kẹfà.